Ilé Ẹ̀kọ́ Monroe Nínú Páálí: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, àwọn òbí tí ń gbé ọmọ wọn wá sí kíláàsì èdè Yorùbá wa ní ọjọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn kan ní Kansas City, bẹ̀ mí pé kí n ṣe ohun kan tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn ní oṣù kejì, oṣù tí àwọn ará Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti kékeré ni mo ti ń fi páálí àti pákó kọ́ àwòṣe ilé, nítorí náà kò pẹ́ kí n tó gbà. Ohun tó gba ìrònú ni irú ilé tí mo máa kọ́. Mo yan Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Monroe ní Topeka, olú ìlú ìpínlẹ̀ Kansas, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ Brown v. Board of Education, èyí tí àwọn òbí fi ta ko yíya ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọmọ funfun. Mo yan án nítorí pé ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan ni láti ọ̀dọ̀ wa, àti nítorí pé ìlú rélùwéè ni Topeka, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ rélùwéè ni èmi náà: inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, wẹ́dà sì ni bàbá mi nínú ọgbà iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Alaalẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ yìí, n kò sì yọ àwọn àṣìṣe mi kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Ìwọ̀n ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fẹ́ kí ojú irin kọjá lẹ́bàá ilé náà, fún ẹwà lásán, nítorí náà mo lo ìwọ̀n tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣe eré ìnàjú ń lò jù lọ, èyí tí ohun gbogbo fi jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti ojúlówó rẹ̀. Ojú irin Amẹ́ríkà, tí àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,435, di mílímítà 16.5 ní ìwọ̀n yìí. Ojú irin tí bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sìn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mílímítà 1,067 ni, èyí tíí ṣe ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀, ìgbà tí wọ́n tẹ́ ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn ni a tó rí irú ti Amẹ́ríkà yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2.1 di mílímítà 24. Ọmọdé tó ga ní mítà 1.2 di mílímítà 14, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́jọ, wakọ̀ lọ sí Topeka láti lọ wo ilé náà fúnra wa. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì fi òkúta ẹfun tí wọ́n gbẹ́ dáadáa ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ní irú ìlànà tí àwọn ayàwòrán ilé ayé ìgbà náà wò lára àwọn ààfin àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì. Àwọn fèrèsé rẹ̀ tóbi, wọ́n sì tò pọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni àwọn tí ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà gbẹ́kẹ̀ lé jù fún ìwé kíkà. Èèyàn kì í gbé àkàbà ti ara ilé tí òfin ń dáàbò bò, nítorí náà bíríkì ni mo kà láti mọ gíga rẹ̀. Bí a bá to irú bíríkì tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìlà mẹ́ta, pẹ̀lú àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì tó wà láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ máa ń tó bí ínǹṣì mẹ́jọ. Mo ya fọ́tò ògiri náà láti iwájú gangan, mo ka ìlà láti ilẹ̀ dé òkè, mo fi ìṣirò bá ìyókù. Ìlà bíríkì kan di mílímítà 0.78 lórí àwòṣe mi, ó sì yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ìyà ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta

Páálí onímílímítà méjì ni mo gé fún ògiri. Mo mú rúlà onírin àti abẹ́rẹ́ tí mo ti pa ẹnu rẹ̀, mo sì ń fa ìlà bíríkì náà sára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìtẹ̀ ẹ́ jù kí páálí má baà ya, láìṣe é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ọ̀dà má baà bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìlà, mo gbójú sókè, mo sì rí i pé ògiri pálọ̀ wa pàápàá ti ń yọ ìlà sí mi lójú.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣe àṣìṣe tí ọmọ iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ṣe. Mo kun ojú ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti ká kò bí awọ tí oòrùn sá. Páálí tí a kùn ní ojú kan ṣoṣo máa ń mu omi ọ̀dà ní ojú yẹn nìkan. Bí omi náà ti ń gbẹ, ojú yẹn á súnkì, á sì fa ìyókù mọ́ra. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé mo kun ẹ̀yìn wọn náà ní ọ̀dà tí mo fi omi là, mo fi wọ́n sáàárín pákó méjì, mo sì gbé odó ìyàwó mi ka orí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó mi ní kí n má wulẹ̀ retí iyán ní ọ̀sẹ̀ náà. Mẹ́ta nínú àwọn ògiri náà nà padà. Ìkẹrin kọ̀ jálẹ̀, mo sì tún un gé, mo tún gbogbo ìlà rẹ̀ fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà kejì yìí, mo lẹ ọ̀pá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ògiri kọ̀ọ̀kan kí n tó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Bíríkì kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọ̀ àkọ́kọ́ gbẹ, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó ku bí irun mẹ́ta, mo sì ń fi pupa tó dúdú díẹ̀ tàbí tó pọ́n díẹ̀ kan bíríkì kan níhìn-ín àti òmíràn lọ́hùn-ún, títí ojú ògiri náà fi kúrò ní ti páálí tí wọ́n kùn, tó sì wá jọ ohun tí ọwọ́ àwọn bíríkìlà ti kàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Bí àwọn ògiri ti wà lábẹ́ odó, mo jókòó ti ìtàn ilé náà. Topeka ni ìlú iléeṣẹ́ rélùwéè Santa Fe. Ní 1859 ni Cyrus K. Holliday, ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ ìlú náà dó, gba ìwé àṣẹ fún un. Ní 1868 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin rẹ̀ níbẹ̀ gan-an, àwọn ọgbà ìtúnṣe ọkọ̀ rẹ̀ sì di ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin ìlú náà ti ń jẹun. Ilẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ Monroe wà jẹ́ ara ilẹ̀ John Ritchie, òyìnbó kan tó bá òwò ẹrú jà, tó sì ń ta ilẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Ní 1879, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó kúrò ní Tennessee, Mississippi àti Louisiana wá sí Kansas, nítorí wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ òmìnira ni. Ní ọdún kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kansas ṣe òfin tó fún àwọn ìlú tí èèyàn inú wọn tó 15,000 láṣẹ láti ya ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọmọ funfun. Bí àlejò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni onílé ń fa ìlà sáàárín àgbàlá.

Ilé tí mo ń ṣe àwòṣe rẹ̀ yìí kì í ṣe àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ Monroe. Ní 1926 ni wọ́n parí rẹ̀, ẹni tó sì ya àwòrán rẹ̀ ni Thomas W. Williamson, ayàwòrán ilé tó lókìkí ní Topeka. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka àkọsílẹ̀ yìí fi orúkọ náà sọ́kàn. Òun kan náà ló ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ Sumner, tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ funfun ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ló wà fún àwọn ọmọ dúdú ní gbogbo ìlú náà: Monroe, Buchanan, McKinley àti Washington. Ti àwọn ọmọ funfun jẹ́ 18.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Fèrèsé. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bo ìwé ni mo lò fún gíláàsì, mo sì fi kálámù funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ fa igi fèrèsé sára rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn kò gbọdọ̀ gbọ̀n níbi iṣẹ́ yìí, nítorí náà n kì í mu kọfí kí n tó jókòó tì í. Nígbà tí mo lẹ àwọn fèrèsé náà sáyè wọn, tí mo sì tan iná kékeré kan sínú ilé náà láti ìsàlẹ̀, ọmọ mi kúnlẹ̀ ti tábìlì, ó wò ó títí, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan: “Dádì, bí ilé ìwé yìí bá dára tó báyìí, kí ni wọ́n wá ń jà sí?”

N kò rí èsì kankan fún un lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo ti gbé sọ́kàn tẹ́lẹ̀, bóyá ohun tí púpọ̀ nínú wa gbé sọ́kàn, ni pé ahéré tó ń jò ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú níbi gbogbo, àti pé ìyẹn ni àwọn òbí ń bá ìjọba fà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní àwọn ibòmíràn lóòótọ́. Ní Clarendon County ní South Carolina, ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ márùn-ún tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbọ́ pa pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn òbí kọ́kọ́ tọrọ kò ju bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lọ, wọn kò sì rí i gbà. Ní Topeka, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìjọba ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ dúdú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Kansas. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1951 wọ́n ní ilé, ìwé, ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ ìhà méjèèjì kò jura wọn lọ lọ́nà tó ṣe é bá wí. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìdájọ́ kan náà pé yíya àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ń pa wọ́n lára, nítorí pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀yà tiwọn rẹlẹ̀, ọmọ tó bá sì ń gbọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní ìtara láti kẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Síbẹ̀ wọ́n dá ẹjọ́ náà fún ìjọba, nítorí pé ìdájọ́ àtijọ́ ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tó gba ìyàsọ́tọ̀ láàyè bí ìhà méjèèjì kò bá ti jura wọn lọ, ṣì dè wọ́n lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ pé ilé tí kò dára ni wọ́n ń pẹjọ́ lé lórí, ilé ẹjọ́ ìbá ní kí wọ́n lọ kọ́ òmíràn, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀. Ilé tó dára bíi Monroe ni kò jẹ́ kí ìjọba rí ibi sá sí, nítorí pé nígbà tí a bá yọ ọ̀rọ̀ bíríkì àti fèrèsé kúrò, ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ló kù lórí tábìlì tí àwọn adájọ́ máa wò. Lóru ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti kọ́ àwòṣe tí kò sọ ìtàn kankan.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkeje

Mo tú ìpìlẹ̀ rẹ̀ ká. Pákó tí mo ti gé kò ju ohun tó gba ilé náà àti koríko yí i ká lọ, ojú irin tí mo gbé sẹ́bàá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀. Ojú irin tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ wà ní apá àríwá ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹbí Oliver Brown, ọ̀kan nínú àwọn òbí tó pẹjọ́, ní First Street, níbi tí iléeṣẹ́ rélùwéè Rock Island ti ní yáàdì tí ẹ́ńjìnnì ti ń tari àwọn ọkọ̀ ẹrù síwá sẹ́yìn láti tò wọ́n.

Oliver Brown ṣàlàyé ọ̀nà náà fún ilé ẹjọ́ ní oṣù kẹfà 1951. Linda ọmọ rẹ̀ ní láti kúrò nílé nígbà tí aago mẹ́jọ bá ku ogún ìṣẹ́jú. Á gba àárín àwọn ojú irin yáàdì náà kọjá, á sọdá Kansas Avenue tí ọkọ̀ máa ń pọ̀ sí, á rìn tó bulọ́ọ̀kù mẹ́fà kó tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn. Aago mẹ́jọ ló yẹ kí bọ́ọ̀sì náà dé, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, ọmọ náà á sì dúró nínú òjò, òtútù tàbí yìnyín. Bó bá sì tètè dé, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni á já wọn sílẹ̀ ní Monroe, nígbà tí wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ títí di aago mẹ́sàn-án. Sumner kò ju bulọ́ọ̀kù méje lọ sí ilé wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ ọdún 1950, bàbá náà ti mú un lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dá wọn padà.

Mo fẹ́ fi ọ̀nà yẹn sórí pákó. Nǹkan bíi máìlì kan ló wà láàárín ilé wọn àti Monroe, máìlì kan ní ìdá kan nínú 87 sì jẹ́ mítà 18.5. Ilé wa kò gùn tó bẹ́ẹ̀, tábìlì wo ni yóò gbà á? Mo ronú láti ké ọ̀nà náà kúrú bí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ti máa ń ṣe, tí wọ́n á gbé ìlú méjì sára wọn bí ẹni pé odi ló là wọ́n. Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú pákó tuntun, mo gbé yáàdì sí ọwọ́ òsì, mo gbé ilé ẹ̀kọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, mo sì wò ó. Irọ́ ni. Bí ẹni ń ti pálọ̀ bọ́ sí yàrá ni ọ̀nà náà rí. Mo wá pinnu pé pákó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni n óò ṣe, ọ̀kan fún yáàdì, ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́, kí n sì fi okùn tó gùn ní mítà 18.5 so wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn.

Yáàdì náà gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Mo tẹ́ irin mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi iyanrìn tí mo jọ̀ dà sáàárín wọn, mo sì fi ọ̀dà àwọ̀ ìpẹtà kun ẹ̀gbẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo nu òkè rẹ̀ kó máa dán, nítorí pé irin tí ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́ kì í dípẹtà lórí. Bàbá mi ló kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n lè mọ irin tí kò yẹ kí ọmọdé dúró lé.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ

Wẹ́dà ni Oliver Brown nínú ọgbà iṣẹ́ Santa Fe ní Topeka, ó sì tún jẹ́ igbákejì pásítọ̀ ní ìjọ St. Mark's A.M.E. Nígbà tí McKinley Burnett, ààrẹ ẹ̀ka Topeka ti NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ń wá àwọn òbí tí yóò fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹjọ́ náà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe é. Ẹni tó bá jẹ́ olùkọ́ lábẹ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kan náà mọ̀ pé oúnjẹ òun ni òun fẹ́ dà nù. Iléeṣẹ́ rélùwéè ló ń san owó oṣù Brown, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òbí 13 ló pẹjọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1951, ní orúkọ ọmọ 20. Obìnrin ni méjìlá nínú wọn. Lucinda Todd, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ni ó kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀. Òun náà ti jẹ́ olùkọ́ rí. Orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni wọ́n fi ṣíwájú, òun náà sì ni gbogbo ayé fi ń pe ẹjọ́ náà títí di òní. N kò rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ kíláàsì wa gbọ́ orúkọ Brown kí wọ́n má gbọ́ ti Todd, nítorí náà mo kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó yáàdì.

Mo ṣe ère ọkùnrin kan pẹ̀lú ìbòjú wẹ́dà tí ó ṣí sókè orí, mo sì gbé e sẹ́yìn yáàdì. Mo mọ̀ pé Santa Fe ló ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe Rock Island, àti pé kò sí ìdí tí yóò fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo yọ ọ́. Bàbá tèmi ni mo ń gbẹ́, kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Ọdún wo ni kí ilé ẹ̀kọ́ náà wà? Ìbéèrè yìí ni àwọn tó tún ojúlówó rẹ̀ ṣe náà kọ́kọ́ dáhùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 1954, lẹ́yìn tí Thurgood Marshall àti àwọn agbẹjọ́rò NAACP yòókù ti rojọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fohùn ṣọ̀kan, Earl Warren, olórí wọn, sì ka ìdájọ́ náà pé ìyàsọ́tọ̀ kò bá òfin mu. Linda ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kò sì jókòó ní kíláàsì Sumner rí láyé rẹ̀. Àwọn olùkọ́ dúdú kò sì bọ́ nínú rẹ̀ lófẹ̀ẹ́: ní oṣù kẹta 1953, kí ìdájọ́ tó dé, àwọn kan nínú wọn ti gba lẹ́tà pé wọ́n lè má nílò wọn mọ́ ní ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Monroe dín kù, wọ́n sì tì í ní 1975. Ó di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ mìíràn, títí di 1990 tí wọ́n fẹ́ gbé e ta ní gbàǹjo. Brown Foundation, tí Cheryl Brown Henderson, àbúrò Linda, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ló ké gbàjarè. Ẹgbẹ́ Trust for Public Land rà á kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Òfin ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1992 sọ ọ́ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè lábẹ́ National Park Service, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń tọ́jú irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2004, nígbà tí ìdájọ́ náà pé àádọ́ta ọdún. Ní 2022, òfin tuntun fẹ̀ ẹ́ lójú kó lè kan àwọn ibi tí àwọn ẹjọ́ yòókù ti ṣẹ̀. Sumner náà wà nínú ìwé àwọn ilé tí a ń dáàbò bò láti 1987, ṣùgbọ́n ìwé lásán kì í bo òrùlé. Wọ́n ti tì í láti 1996.

Ìlànà àwọn tí ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé ohun tó bá ṣe é tún ṣe, a kì í pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá di dandan kí a pààrọ̀, kí tuntun jọ ti àtijọ́ ní àwọ̀ àti ní ìrísí. Àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì tí a sì máa fi dí àlàfo kò gbọdọ̀ le ju bíríkì fúnra rẹ̀ lọ, kí ó má baà jẹ́ bíríkì ni yóò sán nígbà tí omi àti òtútù bá wọlé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ àwọn ògiri mẹ́ta mi tó ká kò tẹ́lẹ̀ nù. Ní ti ọdún, ayé ìgbà ẹjọ́ ni wọ́n dá Monroe padà sí, pàápàá yàrá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀, kì í ṣe 1926 nígbà tó ṣì ń dán. Mo tẹ̀ lé wọn. Mo yọ pátákó iléeṣẹ́ ìjọba tí mo ti wò nínú fọ́tò, tí mo sì fi ìgbéraga ọwọ́ ṣe, mo fi ọ̀dà dúdú tí mo là nínú omi púpọ̀ kun abẹ́ àwọn fèrèsé bí ẹni pé òjò ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti ń ṣàn níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá

Ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, igi mẹ́ta. Kò sí ohun tó ṣòro nínú wọn. Mo gbẹ́ ère ọmọbìnrin kan láti ara igi ìṣáná, mílímítà 14, mo fún un ní ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ búlúù. Mo fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà Monroe. Ọmọ mi ní rárá, ṣé kò tíì débẹ̀ ni?

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá

A gbé pákó méjèèjì lọ sí gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn náà kò gùn tó mítà 18.5, nítorí náà okùn náà yí igun kan, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi yáàdì sí ibi tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kò ti lè rí i. N kò pète èyí, ṣùgbọ́n kò sí bí ìbá ti dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣe àmì funfun sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, mo sì so okùn kejì, tó kúrú, mọ́ pákó yáàdì, mo nà án sí apá kejì, mo sì kọ Sumner sí ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ 17 ló wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú ère náà láti yáàdì, ó gbé e gba àárín irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ̀ lé okùn títí dé ilé ẹ̀kọ́, ó sì dá a padà fún ẹni tó kàn. Kò sí ẹni tó sáré. Ọmọkùnrin kékeré kan dúró níbi àmì náà, ó ní òun ń dúró de bọ́ọ̀sì, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dúró tì í.

Nígbà tí a kó àwọn nǹkan náà padà délé, mo rí i pé ọ̀dà búlúù ti ṣí kúrò ní èjìká ère náà méjèèjì, ibi tí ọmọ ìka wọn ti ń mú un, igi ìṣáná sì ti hàn. N kò tíì tún un kùn.